Àwọn Tí Kò Mọ Orin Ilé-Ìwé

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí orin ilé-ìwé wa ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo bá ń fọ abọ́, òun ni, mo bá wà nínú kẹ̀kẹ́ láti Tanke lọ sí Post Office, òun náà ni, àní lálẹ́ ọjọ́ kan ìyàwó mi bi mí pé ṣé wọ́n ti gbà mí padà sí JSS1 ni. Orin náà ò dùn o, ká má parọ́. Ẹni tó kọ ọ́ kàn kó orúkọ Ọlọ́run, orúkọ ìlú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ra wọn ni, ohùn ẹ̀ sì ga débi pé tá a bá ti dé ìlà kẹta gbogbo wa la máa ń já a sílẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó jáde níbẹ̀ tí ò mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì ti ń dùn mí.

Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀nà Ajasse-Ipo sí Omu-Aran ni, ilé-ìwé pọ̀ lápá ibẹ̀, kí kálukú máa fura.

Álàátì

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní Texas. Ọdún tó fi ṣíwájú sẹ́ẹ̀tì tèmi pọ̀, mi ò bá a nílé-ìwé, ìtàn ẹ̀ nìkan ni mo bá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń sá irínwó mítà bíi tiẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa nígbà náà, kò sì wọ bàtà tó fi ń sá a. Kóòṣì kan ní Amẹ́ríkà gbọ́ nípa ẹ̀, wọ́n fún un ní sikọ́láṣípù, bó ṣe fi eré sísá kàwé gboyè nìyẹn. Lónìí ó ní tírélà tiẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, àwọn tó ń kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé, "Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ gba físà, èmi ni mo kàn tẹ̀ lé e."

Ọdún tó kọjá ni wọ́n fi í sí gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka Ilorin. Ẹ mọ bí gúrúùpù báyìí ṣe máa ń rí: ẹ kú Jímọ̀, àdúrà oṣù tuntun, ẹni tó ń ta ilẹ̀, ẹni tó kú, ẹ kú Jímọ̀. A ti fi oṣù mẹ́rin dá owó òrùlé láábù tí atẹ́gùn ká lọ, owó náà ò tíì pé ₦300,000. Ọjọ́ kan ṣàdédé ni Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fẹ́ ran eré ìdárayá ilé-ìwé lọ́wọ́, kí akọ̀wé fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Lọ́kàn mi, bóyá ₦200,000. Nígbà tí álàátì wọlé mo ka odo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò gba ojú mi gbọ́, mo ní kí ọmọ mi bá mi kà á. ₦8 mílíọ̀nù. Ó ní ọdọọdún ni yóò máa wá.

Àdúrà rọ̀ ní gúrúùpù lọ́jọ́ náà bí òjò. Ẹnìkan péré ló béèrè ìbéèrè, nọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé tiwa, ó ní ṣé a ò lè bẹ Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n jẹ́ ká yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún òrùlé láábù àti ṣáláńgá àwọn ọmọbìnrin. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èmi náà ò dá a lóhùn, mo kàn fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé yẹn sí i, èyí téèyàn máa ń fi sídìí ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ dá sí.

Ohun tó ń sáré

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò sí lára àwọn tó gbà pé ẹni tó bá fi owó sórí eré ìdárayá, orí ẹ̀ ò pé. Níbo ni wọ́n ti bí mi? Ọ̀fà ò jìnnà sí wa, "ìjàkadì lorò Ọ̀fà" ni wọ́n fi ń kì wọ́n, ẹni tó bá rò pé eré lásán ni kó lọ sọ ọ́ níbẹ̀ kó rí i. Ilorin níbí ńkọ́, tí wọ́n ní ìlú tó tóbi tó yìí kò léégún, pé ẹṣin leégún ilé wọn? Ẹni tó bá ti dúró nínú èrò lọ́jọ́ tí wọ́n ń gẹṣin lọ kí Emir lẹ́yìn iléyá á mọ̀ pé ìlú odidi lè kó iyì ẹ̀ lé ohun tó ń sáré.

Ẹ̀gbọ́n náà sì ní ìdí tiẹ̀. A ṣe ìpè fídíò kan, àwa ọmọ ìgbìmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ó ní yunifásítì téèyàn bá jáde ní Amẹ́ríkà kì í fi onítọ̀hún lọ́rùn sílẹ̀ títí tó fi máa kú, lẹ́tà, fóònù, káàdì ọjọ́ìbí, owó ni wọ́n ń wá. Òun náà ń fún tiẹ̀. Ó wá dárúkọ Phil Knight, ẹni tóun àti Bill Bowerman jọ dá ilé-iṣẹ́ tó wá di Nike sílẹ̀. Bowerman yìí, kóòṣì ẹ̀ ni ní University of Oregon nígbà tó ń sá eré níbẹ̀, ó gboyè ní 1959. Ẹ̀gbọ́n ní pápá Hayward Field tó wà níbẹ̀, tí wọ́n wó, tí wọ́n tún un kọ́ tán ní 2020, Knight àti Penny ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n ṣíwájú àwọn tó dáwó ẹ̀.

Mo fò lórí àga. Hayward Field kẹ̀? Ṣebí ibẹ̀ ni Tobi Amusan ti sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ń fo igi, July 24, 2022, ìṣẹ́jú àáyá 12.12, tí kò sí obìnrin kankan tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Òru ni lọ́dọ̀ wa, iná ò sí ní Tanke, fóònù lèmi àtàwọn ọmọ fi ń wò ó, bátìrì ti ń pupa, a ò tiẹ̀ lè pariwo torí àwọn tó ń sùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, University of Texas at El Paso ló lọ, orí ilẹ̀ Hayward yẹn kan náà ló sì ti gba ipò kìíní láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní 2017, kí wọ́n tó wó ti àtijọ́. Bí ẹ bá rò ó, olówó kan tó jẹ́ pé bóyá ni yóò lè pe Ìjẹ̀bú-Òde ló dáwó ilẹ̀ tí ọmọ wa fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ní owó eré ìfiṣòfò ni, mi ò lè bá wọn ṣe àmín.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ò sọ fún wa, tó jẹ́ pé èmi ni mo lọ kà á lálẹ́ ọjọ́ náà, ni pé ilé-ìkàwé yunifásítì yẹn náà ń jẹ́ orúkọ Knight, pé ní 2016 ó tún fún wọn ní dọ́là mílíọ̀nù 500 fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ó sì tún fi iye kan náà lé e ní 2021. Ẹni tó bá fẹ́ fara wé e, kó fara wé e débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún sọ ti T. Boone Pickens, olówó epo tó jáde ní yunifásítì Oklahoma State ní 1951, tó kó dọ́là mílíọ̀nù 165 fún eré ìdárayá wọn ní 2006, tí pápá bọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ títí dòní. Inú fọ́ńdì tí Pickens fúnra ẹ̀ ń darí ni wọ́n tún dá owó náà padà sí kó lè máa bímọ, ni ọrọ̀-ajé bá dojú dé ní 2008, owó rù, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ rí i, olówó kì í fẹ́ kí owó òun sùn síta."

Ọjọ́ bọ́ọ̀lù

Ìdíje àwọn ilé-ìwé agbègbè wa ni, a wọ àṣekágbá, Ẹ̀gbọ́n sì ti tìtorí ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì wálé. Mo wọkọ̀ láti Ilorin ní ìdájí, ká tó kọjá Idofian oòrùn ti mú. Nígbà tí mo dé pápá, wọ́n ti ta kánópì mẹ́ta, tíṣà eré ìdárayá ń fi eérú fa ìlà ẹ̀gbẹ́ kan torí pé ẹfun ti tán lọ́wọ́ ẹ̀, ìdajì pápá funfun, ìdajì ṣe wúrúwúrú. Koríko ò tíì fi bẹ́ẹ̀ gé. Mo ṣàkíyèsí ìyẹn, mo gbójú kúrò.

Ohun tó dára ni jẹ́sì. Búlúù, ó ń dán, Èkó ni wọ́n ti rán an. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn ẹ̀ gàdàgbà, báàjì ilé-ìwé wà láyà, kò tóbi ju ọmọ kọ́bọ̀ lọ.

Prínsípà ní ká dìde fún orin ilé-ìwé. A dìde. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà, ó gbé ọwọ́ láyà bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe máa ń ṣe é, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Omijé ti ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo dúró sí, èmi náà ń kọ ọ́, ni mo bá gbójú sókè wo àárín pápá.

Àwọn mọ́kànlá tó tò síbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó ń kọrin.

Ọ̀kan ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ọ̀kan tún okùn bàtà so. Ọ̀kan tó ní irùngbọ̀n, irùngbọ̀n gidi o, ń mú ètè ẹ̀ lọ sókè sódò bí ẹni tó ń ṣe àmín sí àdúrà tí kò gbọ́. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ ìkankan nínú wọn, nígbà tó jẹ́ pé kò tíì pé ọdún kan tí mo wá pín ìwé fún gbogbo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé-ìwé yẹn.

Létí ìlà, níbi tí eérú ti pàdé ẹfun, ọmọkùnrin kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, báàgì píọ̀ wọ́tà méjì lórí èjìká. Èyí mo mọ̀ ọ́n lójú. Òun ni gólí wa láti JSS3. Ọmọ tó gba pẹ́nárítì méjì lọ́dún tó kọjá tí ilé-ìwé gbé e yí ká. Kò sọ omi náà kalẹ̀, bóyá kò rántí, ó dúró ṣánṣán, iṣan ọrùn ẹ̀ yọ, ó ń kọrin náà bí ẹni tí wọ́n ní kó wá fi gba nǹkan. Omi ń kán láti inú báàgì sí i léjìká. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ohùn ẹ̀ já, bí ti gbogbo wa ṣe máa ń já.

A gbá wọn ní 4–0. Ìlù, ijó, fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sí pápá, ó ń bọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ó dé ọ̀dọ̀ gólí tuntun yẹn, ó bi í pé, "Háòsì wo lo wà?" Ẹni tó bá lọ ilé-ìwé wa mọ̀ pé pupa, búlúù, ewéko tàbí yẹ́lò ni ìdáhùn. Ọmọ náà ní, "Gaa-Akanbi, sà." Àdúgbò kan ní Ilorin nìyẹn.

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ó lù ú léjìká, ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Tíṣà eré ìdárayá ń wo ilẹ̀. Èmi náà ń wo ilẹ̀.

Ta ló rán wa

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn ni tíṣà yẹn ti pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ẹ má bínú o, àwọn ọmọ wa ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n wọ́n lè nà wá, bàbá yìí sì ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà." Ó ní ẹnìkan ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní bọ́ọ̀lù ní Ilorin, pé tá a bá ti lè san ₦30,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó ọkọ̀, wọ́n á wá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn: "Ẹ ṣe é bó bá ṣe yẹ." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ. Nínú ìwé ìnáwó, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ "ìrìnnà àti àwọn nǹkan mìíràn". Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà ọjà yìí ni mí, mo tún bá wọn tẹ orí ọmọ náà.

Nígbà tí mo padà délé ọjọ́ náà, mo fẹ́ di ẹ̀bi ru Ẹ̀gbọ́n, torí pé olówó rọrùn láti bú. Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀gbọ́n ò ní ká ra agbábọ́ọ̀lù. Mo ti yí gbogbo vóìsì nóòtì ẹ̀ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò síbi tó ti ní dandan ká gba ife. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù. Àwa la gbọ́ "ife" nínú ẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, wọ́n á gbá ilẹ̀, wọ́n á gbé ẹní tó ti ya pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ la gbé pamọ́. A fún un ní omi gbé.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ̀rín ìbànújẹ́ ni o, ni pé Amẹ́ríkà tí Ẹ̀gbọ́n ń gbé ti ṣe irú ẹ̀ tipẹ́. Dallas ni Southern Methodist University (SMU) wà, ní Texas wọn níbẹ̀. Àwọn olówó tó ń ti ilé-ìwé náà lẹ́yìn ń yọ́ owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wọn lábẹ́lẹ̀, àwọn kan nínú ìṣàkóso sì mọ̀ sí i. Nígbà tí àṣírí tú, NCAA tó ń darí eré yunifásítì fagi lé gbogbo sáà 1987 wọn, wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbá ìdíje kan. Ìjìyà ikú ni wọ́n ń pè é, ó sì tó ikú lóòótọ́, torí ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi gbérí. Ó wá di July 2021, NCAA kan náà ní ó ti yá, agbábọ́ọ̀lù lè máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara ẹ̀. Kíá làwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde olówó kóra jọ káàkiri, wọ́n dá àpò kan tí wọ́n ń pè ní collective, wọ́n ń sanwó fún ọmọ tó bá gbà láti wá sí ilé-ìwé tiwọn. Nígbà tó di June 2025, adájọ́ fọwọ́ sí i kí àwọn yunifásítì gan-an máa sanwó fún àwọn eléré wọn, nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 20.5 fún ilé-ìwé kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ sìnkú SMU ló di iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Èmi ò kórìíra tiwọn yẹn pátápátá. Ọmọ tó ń fi orúnkún ẹ̀ pa owó fún ilé-ìwé yẹ kó jẹ níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ́ wọn jẹ. (Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo káàánú jù, físà wọn ò fẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ owó bó ṣe wù wọ́n, ẹlẹgbẹ́ wọn ń gbowó, àwọn ń wo ẹnu ọ̀nà.) Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ní ìwé, ó ní orúkọ, ọmọ tí wọ́n sanwó fún yóò wọ kíláàsì níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ọdún kan kó tó tún gbéra lọ síbòmíràn. Tiwa yìí, ọmọ Gaa-Akanbi yẹn ò mọ ibi tí kíláàsì wa wà. Ó gbá bọ́ọ̀lù tán, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni, bí ò fúnni lẹ́sẹ̀ á ṣò, rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń báni mu. Ife náà wà ní ọ́fíìsì prínsípà báyìí, mo rí i, ó ń dán.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn náà tún ń padà wá bá mi. Nínú ₦8 mílíọ̀nù náà, kò sí kọ́bọ̀ kan tó kan ọmọbìnrin, kì í ṣe ṣáláńgá nìkan, bọ́ọ̀lù gan-an. Ní Amẹ́ríkà, láti 1972 ni òfin ti wà pé ilé-ìwé tó bá ń gbowó ìjọba àpapọ̀ ò gbọdọ̀ ya ọmọbìnrin sẹ́yìn, eré ìdárayá sì wà nínú ẹ̀. Àwa kó ìwà olówó wọn wálé, a gbàgbé òfin wọn sẹ́nu ibodè. Ọmọbìnrin tó ń sáré wà nílé-ìwé yẹn o. Mo rí wọn tí wọ́n ń sá lẹ́yìn kánópì lọ́jọ́ náà nígbà tí àwọn àgbàlagbà ń jẹun, láìwọ bàtà, bíi ti Ẹ̀gbọ́n láyé ọjọ́un.

Ìpè

Sọ́ńdè tó kọjá ni mo pe Ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ìwé kí n má bàa fi àdúrà bò ó mọ́lẹ̀. Mo kí i títí, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè tírélà. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn, wọn kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé wa. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Ó dákẹ́. Mò ń gbọ́ ìró ọ̀nà lẹ́yìn ẹ̀, ó jọ pé ó ń wakọ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ Gaa-Akanbi."

Mo ní, "Ẹ mọ̀?"

Ó ní, "Àbúrò, mo lọ ilé-ìwé yẹn. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ ẹ ó sọ ọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Ó bi mí ta lọmọ tó gbé omi yẹn, èyí tó ń kọrin létí ìlà, pé ojú tóun là báyìí lòun rí i, òun ò sì tíì gbàgbé ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé gólí ni, mo sọ ti pẹ́nárítì méjì yẹn. Ó ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí n fi nọ́ńbà òbí ẹ̀ ránṣẹ́ sóun, kí n kọ orúkọ ẹ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Gólí, gólí, ni mo ti ń pe ọmọ náà láti ọdún kẹta. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n fún mi di Mọ́ńdè, mo pa fóònù, mo pe tíṣà.